Ilé Tí Báńkì Kò Jẹ́ Kí Ó Rà

Ọkùnrin kan wà tí ó ń ta pákó ní ìlú kan tí kò jìnnà sí igbó. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni ó ti wà nídìí òwò náà. Gbogbo káfíńtà ìlú mọ̀ ọ́n. Bí ó bá sọ pé igi kan dára, wọn kì í tún igi náà yẹ̀ wò. Ó ní ìyàwó kan, wọ́n sì wá ọmọ títí kí wọ́n tó rí ọmọbìnrin kan ṣoṣo bí. Bí ẹni gbé ẹyin lọ́wọ́ ni ó ṣe ń tọ́jú ọmọ náà.

Ọmọ náà dàgbà, ó mọ̀wé, ó sì wọlé sí yunifásítì ní ìlú mìíràn tí ó jìnnà sí tiwọn. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó fẹ́ kọ́. Inú bàbá rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á. Ó ti gbọ́ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ nípa ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Wọ́n ní àwọn olè máa ń fọ́ ilé wọn. Wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ burúkú máa ń ba ọmọ rere jẹ́. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọmọ òun kò ní gbé ilé onílé. Òun yóò ra ilé kékeré kan fún un nítòsí ilé ẹ̀kọ́ náà, òun yóò mọ odi yí i ká, ọmọ náà yóò sì máa dá gbé ibẹ̀ títí yóò fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ó wá ilé náà, ó sì rí i. Yàrá méjì ni, igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, kànga sì wà nínú ọgbà rẹ̀. Ohun tí ó ní lọ́wọ́ kò tó láti rà á. Ó lọ sí báńkì tí ó ti ń fi owó rẹ̀ pamọ́ sí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó ní kí wọ́n yá òun ní èyí tí ó kù, kí òun fi ra ilé, kí òun sì máa san án padà díẹ̀díẹ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kí wọ́n tó dá a lóhùn ni ó ti sọ fún àwọn ará ibi ìlagi. Ó ti sọ fún àwọn ará ìjọ. Ó tilẹ̀ ti mú ọmọ náà lọ wo ilé náà, ó sì ti fi yàrá tí yóò jẹ́ tirẹ̀ hàn án.

Báńkì kọ̀.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni ó pè é wọlé láti sọ fún un. Ó fi ìjókòó lọ̀ ọ́, ó sì bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní ẹni tí yóò gbé inú ilé gan-an ni òfin báńkì àwọn sọ pé kí àwọn yá ní irú owó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ó ń ra ilé fún ọmọ. Ó ní ọjọ́ orí bàbá náà sì ti kọjá ti ẹni tí àwọn lè yá lówó fún ọdún gígùn. Ó ní òun mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò lè dùn mọ́ ọn nínú, kí ó jọ̀wọ́ má bínú. Ọkùnrin náà dìde. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan sí i tí bàbá kò gbọdọ̀ sọ sí ọmọ ọlọ́mọ, ó sì jáde. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó ní ó dàbọ̀. Ọkùnrin náà kò wẹ̀yìn.

Ilé náà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìtìjú bá ọlọ́jà pákó. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ilé tí ó ní òun ń rà, yóò ní àwọn báńkì ló ta òun lọ́fà láìṣẹ̀. Ó gbé gbogbo owó rẹ̀ kúrò ní báńkì náà. Bí ó bá ń lọ sí ọjà, ó ń yà gba ọ̀nà mìíràn kí ojú rẹ̀ má bàa kan ilé báńkì.

Àkókò ìwọlé sì dé. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó wá yàrá kiri títí ó fi rí ọ̀kan ní ilé ìyá arúgbó kan, opó kan tí ọmọ rẹ̀ wà lókèèrè. Ilé àtijọ́ ni. Páànù rẹ̀ ti pọ́n. Àwọn ayálégbé mìíràn tí ó wà níbẹ̀ ni bíríkìlà kan pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, àti àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì tí ó ń kọ́ṣẹ́ irun dídì. Kànga kan náà ni gbogbo wọn ń fà, ilé ìdáná kan náà ni wọ́n ń lò. Yàrá ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá onílé.

Bàbá fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ kó ẹrù ọmọ lọ. Ìyá onílé jókòó síwájú ilé nígbà tí wọ́n dé. Ó kí i pé, “Ẹ káàbọ̀ o, ẹ kú ewu ọ̀nà,” ṣùgbọ́n kò kọjú sí i dáadáa; bí ẹni tí ó ń wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe. Ọkùnrin náà rò pé ó ń gbéraga. Ó fi ẹnu ẹ̀gbẹ́ kan dá a lóhùn. Ìyá náà ní kí wọ́n bu omi fún àlejò. Ọkùnrin náà ní òǹgbẹ kò gbẹ òun. Nígbà tí ó wọ yàrá ọmọ rẹ̀, òkè ni ojú rẹ̀ lọ, nítorí ẹni tí ó ń ta pákó ni. Ó rí i pé pákó àjà ti jẹrà, òjò sì ti ya àwòrán sí i. Inú rẹ̀ bàjẹ́. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó ṣe sùúrù, òun kò ní fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ṣe é bí ẹni tí ó ń bá ẹlẹ́wọ̀n sọ̀rọ̀. Ó wọ ọkọ̀, ó sì padà sílé.

Ìyàwó rẹ̀ bi í pé, “Ṣé ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ onílé?”

Ó ní, “Ọpẹ́ kí ni? Ṣebí mo san owó ilé.”

Ọmọ náà máa ń pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù. Bí ó bá ní okùn kànga já lánàá, bàbá yóò ní, kànga tí ó wà ní ilé tí òun fẹ́ rà yẹn ńkọ́, tí báńkì kò jẹ́. Bí ó bá ní òjò pa òun lọ sí ilé ẹ̀kọ́, bàbá yóò ní ilé yẹn kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yunifásítì rárá. Ibi yòówù kí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ báńkì ni ó ń parí sí. Nígbà tí ó yá, ọmọ náà kò sọ ohun tí ó ń ṣe é mọ́. Ó kàn ń sọ pé dáadáa ni òun wà. Bàbá rẹ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀.

Dáadáa kọ́ ni ó wà. Ní ìparí ọdún àkọ́kọ́, ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò kẹ́mísìrì. Òun nìkan kọ́ ni ó fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ro ti bàbá rẹ̀. Ó ro gbogbo wàhálà tí ó ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ ilé, àti ìbínú tí kò tíì tán nínú rẹ̀. Ó kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò, ó fẹ́ lọ sí ibùdókọ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Kò tilẹ̀ mọ ibi tí òun ń lọ. Ohun tí ó dá a lójú ni pé kì í ṣe ilé bàbá òun.

Ìyá onílé wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ nígbà náà, ìdí sì nìyẹn tí kò fi kọjú sí bàbá ọmọ náà lọ́jọ́ tí ó wá. Ṣùgbọ́n ó gbọ́ bí àpò ṣe ń họ ilẹ̀. Ó pe ọmọ náà ní oríkì rẹ̀.

“Àwẹ̀ró, ẹ̀wà tí mo fẹ́ sè nìyí, n kò rí òkúta inú rẹ̀. Gbé ohun tí o gbé yẹn sílẹ̀, wá bá mi ṣà á.”

Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í kọ̀ fún àgbà. Ó jókòó, ó ń ṣa ẹ̀wà, omijé rẹ̀ sì ń kán sínú àtẹ. Ìyá náà kò bi í ní nǹkan kan. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ọmọ náà fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ tán, ti kẹ́mísìrì àti ti bàbá rẹ̀, ti ilé tí wọn kò rí rà, àti bí òun kò ṣe mọ ojú tí òun yóò fi wo ẹnikẹ́ni nílé. Ìyá náà ní, ìdánwò tí ènìyàn bá fìdí rẹmi nínú rẹ̀, ṣé wọn kì í jẹ́ kí ó tún un ṣe? Ọmọ náà ní wọ́n máa ń jẹ́ kí ó tún un ṣe.

“Ó dáa,” ni ìyá náà wí. “Ẹ̀wà yìí pọ̀, kò lè tán lónìí. Ìwọ náà ni yóò bá mi ṣà á lọ́la.”

Lọ́jọ́ kejì wọ́n ṣa ẹ̀wà. Ìyàwó bíríkìlà wá bá wọn jókòó, ó ń sọ ìtàn bí òun ṣe sá kúrò nídìí iṣẹ́ aṣọ rírán lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó mọ̀ ọ́n. Àwọn tí ó ń kọ́ṣẹ́ irun ní kí ọmọ náà jókòó kí àwọn fi orí rẹ̀ kọ́ irun tuntun kan tí ọ̀gá àwọn fi han àwọn. Kí ẹ̀wà tó tán nínú àpò, aṣọ ọmọ náà ti padà sórí okùn. Ó tún ìdánwò náà ṣe, ó sì yege. Bàbá rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Ó ṣì wà nílé, ó ń bá báńkì jà lọ́kàn.

Ojú ìyá onílé túbọ̀ ń ṣókùnkùn. Awọ funfun kan ti bo ẹyinjú rẹ̀. Ó ti gbà pé bí ogbó ṣe rí nìyẹn, kì í sì í ṣàròyé. Ọmọ náà gbọ́ nínú ìjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé àwọn dókítà kan ń bọ̀ wá sí ilé ìwòsàn ìlú náà láti mú irú awọ bẹ́ẹ̀ kúrò lójú àwọn arúgbó lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wá sọ fún ìyá náà. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ba ìyá náà, ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ bí òun ṣe wà. Ọmọ náà kò bá a jiyàn. Ó kàn ń mú ọ̀rọ̀ náà wá díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ó ń fún ọmọdé lóògùn, títí ìyá náà fi ní, “Bí o bá máa di ọwọ́ mi mú, mo máa lọ.”

Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó sìn ín lọ, ó sì dúró tì í títí wọ́n fi ṣe é tán. Nígbà tí wọ́n tú ohun tí wọ́n fi bo ojú náà, ẹni tí ìyá náà kọ́kọ́ rí kedere ni ọmọ ọlọ́jà pákó. Ó wò ó pẹ́. Ó fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Bí o ṣe rí nìyí.”

Ọmọ náà kò sọ èyí náà fún bàbá rẹ̀. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà yóò parí sí.

Bàbá ọmọ náà kò sinmi ní tirẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníṣòwò pákó ti gbà láti yá a lówó níkẹyìn, ó sì ti rí ilé mìíràn, tí ẹni tí ó ni ín gbà pé kí wọ́n kó wọlé kí owó tó pé. Ilé yìí kò tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n odi yí i ká, kò sì sí ẹlòmíràn nínú rẹ̀. Kò sọ fún ọmọ, kò sì sọ fún ìyàwó. Ó fẹ́ kí ó bá wọn lójijì. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó wọ aṣọ tí ó dára, ó gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, ó sì lọ láti kó ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé onílé.

Nígbà tí ó dé, ọmọ kò sí nílé. Ó ti lọ sí oko ilé ẹ̀kọ́ láti wo àgbàdo tí ó gbìn. Ìyá onílé ni ó wà níwájú ilé. Ó ń fi òwú sí ojú abẹ́rẹ́. Ó gbé orí sókè bí ọkùnrin náà ṣe ń sọ̀kalẹ̀, ó sì kọjú sí i gan-an.

Ó ní, “Ẹ̀yin ni bàbá Àwẹ̀ró.”

Ọkùnrin náà dúró. Ìyá tirẹ̀ tí ó ti kú ni ó fún ọmọ náà ní oríkì yẹn, ó sì ti pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ó bi ìyá náà bí ó ṣe dá òun mọ̀.

“Ojú kan náà ni ẹ gbé. Láti ìgbà tí mo ti ń ríran, ojú ọmọ yín ni mo ń wò ní òwúrọ̀ kí n tó wo ti ẹnikẹ́ni. Bí ẹ ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ojú yẹn náà ni mo rí.”

Ọkùnrin náà kò mọ ohun tí “láti ìgbà tí mo ti ń ríran” túmọ̀ sí. Kí ó tó bèèrè, ìyá náà ti gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀, ó ti di ara ògiri mú, ó sì ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ẹ̀rù ba ọkùnrin náà. Ìyá náà lè bí i lọ́mọ. Ó sáré di apá rẹ̀ méjèèjì mú, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dìde. Kí ni mo ṣe?”

Ìyá náà kò dìde kíákíá. Ó sọ fún un bí yàrá tí Àwẹ̀ró ń gbé ṣe ṣófo fún ìgbà pípẹ́. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá wò ó ni ó kọ̀ ọ́. Wọ́n ní ilé náà ti gbó, wọ́n ní ó jìnnà. Ojú rẹ̀ sì ń lọ lójoojúmọ́. Ó bẹ Ọlọ́run pé kí ó fi ẹnìkan ránṣẹ́ sí yàrá náà kí òkùnkùn tó kún, kí ó má bàa bá òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá òfo. Ìgbà náà ni Àwẹ̀ró wọlé, ó sì ní òun yóò gbà á. Ó sọ bí ọmọ náà ṣe ń ka Bíbélì fún òun, bí ó ṣe ń pọn omi fún òun, àti bí ó ṣe di ọwọ́ òun mú lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn dókítà.

Ó wá ní, “Ó sọ fún mi pé ẹ fẹ́ ra ilé fún òun, báńkì kọ̀. Ó ní ó dùn yín gan-an. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bẹ̀ yín, kí ẹ má bínú sí mi. Ohun tí ẹ ń sunkún lé lórí, òun ni Ọlọ́run fi dá mi lóhùn.”

Ọkùnrin náà ronú pé ìyá yìí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òun nítorí ohun kan náà tí òun fi ń bá báńkì jà. Òun kò sì fi ọmọ ránṣẹ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé agbára rẹ̀ wà lọ́wọ́ òun ni, ọmọ náà kì bá tí dé ẹnu ọ̀nà ilé yìí láé. Ó rántí omi tí ó kọ̀. Ó rántí èsì tí ó fún ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó bíríkìlà ti jáde, àwọn tí ó ń kọ́ṣẹ́ irun náà ti jáde, wọ́n dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilé, wọ́n ń wò. Ó gbé ìyá náà dìde, ó mú un jókòó, òun fúnra rẹ̀ sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú erùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí ó dára tí ó wọ̀.

Ó ní, “Màmá, ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo wá kó ọmọ mi kúrò ní ilé yín ni.”

Ojú tuntun ìyá náà kún fún omi, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò yí padà.

“Ọmọ yín ni. Bí ẹ bá mú un lọ, adúrà ni n óò fi sìn ín. Ẹ dìde kúrò nílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fún yín lómi ná.”

Lọ́tẹ̀ yìí, ó mu omi náà. Ó mu ún tán, ó sì tún bèèrè òmíràn.

Nígbà tí ọmọ náà ti oko dé, tí ó rí ọkọ̀ akẹ́rù bàbá rẹ̀ tí kò sí ẹrù nínú rẹ̀, ó mọ ohun tí ó wá fún. Ó kúnlẹ̀ kí i, kò sì dìde. Bàbá rẹ̀ bi í bóyá ó fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ó ní, “Bí ẹ bá ní kí n lọ, màá lọ.”

“Ohun tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn.”

Ọmọ náà ní òun kò fẹ́ lọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ó sì sọ fún bàbá rẹ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́, nípa ìdánwò kẹ́mísìrì àti nípa àpò tí ó fẹ́ gbé sá lọ síbi tí kò mọ̀. Nígbà tí ó dé ibi tí ó ti ní òun kò lè pe bàbá òun láti sọ fún un, ọkùnrin náà la ẹnu bí ẹni tí ó fẹ́ dárúkọ báńkì. Ó sì pa á dé. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin. Lẹ́yìn náà ó fa ọmọ náà mọ́ra, ó sì pè é ní Àwẹ̀ró.

Kò ra ilé. Ó sọ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pé kí wọ́n yá ẹni tí ó kàn ní owó náà. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ọkọ̀ rẹ̀ padà lọ sí ilé ìyá náà, pákó ni ó kún inú rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó síwájú pẹ̀lú iṣu àti epo. Òun àti bíríkìlà àti káfíńtà kan ni wọ́n jọ tú àjà tí ó jẹrà, wọ́n sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀ ní gbogbo yàrá, kì í ṣe ní ti ọmọ rẹ̀ nìkan. Kí iṣẹ́ náà tó parí, ó ti mọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó ń gbé ilé náà, àti ti àwọn ọmọ bíríkìlà pátá.

Ó tún lọ sí báńkì. Ó fẹ́ rí ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́, tí òun fi ọ̀rọ̀ gún. Ó fẹ́ tọrọ àforíjì, kí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sin òun dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n sọ fún un pé wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn, lẹ́yìn náà ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó wà mọ́. Ọkùnrin náà padà sílé. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́kàn rẹ̀ títí di òní. Ọpẹ́ tí a bá fi falẹ̀ kì í bá olóore nílé nígbà gbogbo.

Ṣùgbọ́n ìyá onílé ṣì wà nílé. Ọjọ́ tí ọmọ náà gba oyè rẹ̀, ó jókòó láàárín bàbá àti ìyá ọmọ náà. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ ọmọ náà, àwọn òbí rẹ̀ kò tètè rí i láàárín ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wọ aṣọ kan náà. Ìyá onílé ni ó nàka, ó ní, “Òun nìyẹn.”

Arákùnrin mi, o wá bá mi, o ní báńkì ti kọ̀ ọ́, ilé tí o fẹ́ rà fún ọmọ rẹ tí ó wà ní yunifásítì ti bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. O ní oorun kò kun ojú rẹ mọ́. Mo gbọ́. N kò ní sọ fún ọ pé kíkọ̀ dùn. Bẹ́ẹ̀ ni n kò ní sọ pé Ọlọ́run ni ó ti gbogbo ilẹ̀kùn tí ó bá tì. Òmíràn wà tí ènìyàn ni ó tì í. Bí ọ̀nà bá ṣí lọ́la tí o lè ra ilé, rà á, n óò sì bá ọ yọ̀. Ọlọ́jà pákó yẹn kò ṣẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ ra ilé fún ọmọ rẹ̀. Ìfẹ́ ni.

Ohun tí ó ṣe é ni pé ó dúró síwájú ilẹ̀kùn kan tí ó tì, ó ń kànkùn, ó ń bínú, nígbà tí ẹlòmíràn ti ṣí tirẹ̀ sílẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ sì ti wọlé, tí ó ti jẹun, tí ó ti rí ẹni nu omijé rẹ̀ nù. Ó rò pé owó ni òun san, òun kò jẹ ẹnikẹ́ni ní ọpẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bàbá rere ni, kò sì mọ̀ pé òun ń kó ẹrù ẹlẹ́rù.

Ìwọ náà, wò ó. O ti sọ orúkọ máníjà báńkì náà fún mi léraléra láti ìgbà tí o ti jókòó. O mọ orúkọ ẹni tí ó kọ̀ fún ọ. Ọmọ rẹ kò sùn sí ìta lánàá. Ilé kan wà tí ó sùn sí, ẹnìkan sì ni ó ṣílẹ̀kùn fún un. Kí ni orúkọ ẹni náà?

Má tíì dáhùn. Dìde, wọ ọkọ̀, lọ bi í.